Bí a ṣe ń ka ọjọ́ orí àpáta lára ìkarahun tí ojú lásán ò rí

Inú àpò ọ̀rá kéékèèké ni wọ́n máa ń kó èérún òkúta tí wọ́n gbẹ́ láti inú kànga epo sí wá, nọ́mbà jíjìn á sì wà lára àpò kọ̀ọ̀kan: 5,430 sí 5,460 ẹsẹ̀, 5,460 sí 5,490, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú wọn ò fani mọ́ra rárá. Èérún òkúta dúdú ni, pẹ̀lú amọ̀ tó ti gbẹ, ó sì ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Páálí àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi tú, ọ́fíìsì kan ní Marina ni dírẹ́bà ti gbé e. Ó jókòó sínú gosiló lórí Third Mainland Bridge títí ó fi dé láàbù wa ní Yaba, ó sọ páálí kalẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé erùpẹ̀ náà lẹ tún ń rà ní Èkó yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, erùpẹ̀ yẹn ti sọ fún wa pé àpáta tó wà nísàlẹ̀ kànga náà ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 13.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ IT, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́, tó ń wọ láàbù láìtíì mọ ibi tí wọ́n ti ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, àti fún ẹnikẹ́ni tó ti ń ṣe é ní kàyéfì pé báwo lèèyàn ṣe lè wo òkúta kó ní ọdún mílíọ̀nù 15 ni. Ọwọ́ tètè máa ń mọ iṣẹ́ náà. Ibi tó ti le ni mímọ bí ìkarahun kọ̀ọ̀kan ṣe dénú àpò, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ́ kóló kan

Ká ní wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n bá wú kóló kan jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n sin ín. Ẹ fọ́ ọ, ẹ bá kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó yé yín lójú ẹsẹ̀ pé owó yìí ò lè ṣáájú 1973, torí ọdún yẹn ni náírà àti kọ́bọ̀ gbapò lọ́wọ́ pọ́n-ùn àti ṣílè. Ẹ tún tú u wò, ẹ bá bébà ẹgbẹ̀rún náírà kan ní ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, torí 2005 ni wọ́n tó mú ẹgbẹ̀rún náírà jáde. Kọ́bọ̀ ò purọ́, àmọ́ òun kọ́ ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n sin kóló. Ẹni tó ń fowó pamọ́ ló ṣì ní kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́. Ẹ wá wò ó pé ẹ̀gbẹ́ kóló náà ti là, ọmọdé kan sì ti ki owó tuntun bọ ibẹ̀ láìpẹ́ yìí: ẹ ó tún ṣìnà sí ìhà kejì.

Gbogbo ohun tí à ń ṣe nínú láàbù kò ju èyí lọ. Ìkarahun ni owó, ìpele àpáta ni kóló. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ni ìkarahun tí odò wú láti inú àpáta àgbà tó sì gbé lọ sínú ẹrẹ̀ tuntun. Àtúnkó ni mo máa ń pè é. Owó tí ọmọdé kì bọ ojú ibi tó là ni ìkarahun tó já bọ́ láti òkè ihò kànga nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ; ìwó ni mo ń pe ìyẹn. Ẹ fi orúkọ méjèèjì sọ́kàn, a ó tún padà bá wọn.

Àwọn tó ni ìkarahun náà

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Fọ́rámù làkọ́kọ́: ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń kọ́ ilé yàrá-yàrá fún ara rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn kan ń léfòó lójú òkun, àwọn kan ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń léfòó ló dára jù fún ọjọ́ orí, torí ìṣàn omi òkun ń gbé wọn káàkiri ayé. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń sọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó.

Èkejì ni nánófọ́sìlì. Ewé omi kan tó kéré jọjọ máa ń fi ìpẹ́ ẹfun bo ara rẹ̀ bí ẹja, tó bá kú, ìpẹ́ náà á rọ̀ sísàlẹ̀ òkun. Wọ́n kéré débi pé ẹ ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n. Ẹ̀kẹta ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti àwọn ewé òkun tí ara wọn kì í yòrò nínú ásíìdì. Igi orí ilẹ̀ ló ni lẹ́búlẹ́bú lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò àti afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sínú òkun, òun ló sì ń gbà wá níbi tí ìkarahun bá ti ṣọ̀wọ́n.

Ìdí tí wọ́n fi wúlò ni pé irú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú, tó bá ti kú kì í padà wá. Láàárín fọ́rámù, *Globotruncana* àti àwọn ẹbí rẹ̀ parun ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn, nígbà kan náà pẹ̀lú àwọn dáínósọ̀. *Morozovella velascoensis* lọ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 55. *Catapsydrax dissimilis* dákẹ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.5. *Orbulina*, tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, kò tíì dáyé kí ó tó tó mílíọ̀nù 15 sẹ́yìn, ó sì ṣì wà láàyè lónìí. Láàárín nánófọ́sìlì, *Sphenolithus heteromorphus* parí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.5, *Discoaster hamatus* ní nǹkan bíi 9.5, *Discoaster quinqueramus* ní nǹkan bíi 5.6, *Discoaster brouweri* ní nǹkan bíi 1.9.

Kí ẹ tó tú àpò

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá. Ṣé èérún tí ẹnu irin gé ni, tàbí òkúta tí wọ́n yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kànga? Èérún máa ń bá omi ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga gòkè wá láti ìsàlẹ̀ ni, ìrìn àjò yẹn sì ń gba àkókò. Tí ẹni tó ń kó o lórí kànga kò bá ṣírò àkókò náà dáadáa, nọ́mbà tó kọ sára àpò ti yẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun tí maikirosikópù lè ṣe sí i. Òkúta ẹ̀gbẹ́ ògiri ò ní wàhálà yìí, ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ gan-an la mọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yọ.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ri páìpù irin sí nínú ihò náà pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ti fi páìpù bo ògiri dé 6,000 ẹsẹ̀, ohun tó wà lókè ibẹ̀ ò lè máa wó mọ́. Èérún tó bá wá láti abẹ́ páìpù tuntun ló mọ́ jù, ẹ fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí i.

Ẹ má tan ara yín pẹ̀lú yanrìn bòhóòlù àdúgbò o. Ọmọ IT kan fi tọkàntọkàn gbé yanrìn wá láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ omi ní Surulere, ó wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kò rí nǹkan kan. Kò jọ mí lójú. Yanrìn odò ló pọ̀ jù lábẹ́ Èkó níbẹ̀, ìkarahun òkun kì í pọ̀ nínú irú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kọ́ ọwọ́, ẹ bu ẹrẹ̀ létí ọ̀sà níbi tí omi iyọ̀ ń dé. *Ammonia*, fọ́rámù tó fara da omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ni kí ẹ máa wá. Ẹni tó bá lè dé Ewékoró ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì, á rí òkúta ìgbà Paleocene, kété lẹ́yìn àwọn dáínósọ̀, àti ṣéèlì, ìyẹn amọ̀ tó ti di òkúta, tó lé e lórí.

Fífọ̀

Ẹ sá èérún náà kó gbẹ kíákíá. Ọ̀rinrin Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ iṣẹ́ yìí. Nínú ṣéèlì dúdú, irin àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀ máa ń wà, tí ó bá rin, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, ásíìdì ló máa dà. Ásíìdì á sì jẹ ìkarahun tán nínú àpò. Mo ti rí àpò tí wọ́n fi sílẹ̀ ní kọ́nà fún òjò méjì, tí kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ àfi àwọn fọ́rámù tó fi yanrìn kọ́ ilé.

Ẹ wọn nǹkan bíi 25 gíráàmù, ẹ sì rí i pé iye kan náà lẹ̀ ń wọ̀n fún gbogbo àpò, torí a ó ka iye ìkarahun tó bá yá. Tí wọ́n bá fi ẹrẹ̀ tí wọ́n fi epo pò gbẹ́ kànga náà, ẹ kọ́kọ́ fi Omo fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Ẹ tún sá a. Lẹ́yìn náà, ẹ da kẹrosíìnì lé e kó bò ó mọ́lẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Ṣéèlì tó le lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Ẹ yọ́ kẹrosíìnì kúrò (ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún lè lò ó, a ò fi kẹrosíìnì ṣòfò nílé wa), kí ẹ wá da omi gbígbóná sí i. Kẹrosíìnì ti wọ gbogbo ihò ara amọ̀, ṣùgbọ́n omi ni amọ̀ fẹ́ràn jù. Omi á wọlé, á lé kẹrosíìnì jáde, amọ̀ á wú, á sì fọ́ yángá-yángá lójú yín bí ẹ̀bà tó rí omi púpọ̀.

Kò gbọdọ̀ sí iná nítòsí ní gbogbo àsìkò tí kẹrosíìnì bá wà nílẹ̀. Kì í ṣe sítóòfù nìkan. Jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà wà nínú rẹ̀.

Ajọ̀ èlùbọ́ ò lè ṣe iṣẹ́ tó kàn. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 63 la nílò, ihò kan lára rẹ̀ ò fẹ̀ tó irun orí. Ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí omi máa rọra dà, kí ẹ máa fi ìka pa á láìfi agbára tẹ̀ ẹ́, títí omi tó ń jáde á fi mọ́ lóló. Ohun tó kù lójú asẹ́ ni tiwa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí iná tí kò gbóná jù, jìnnà sí kẹrosíìnì.

Ní báyìí, ohun tó fẹ́ lé mi kúrò níṣẹ́. Lẹ́yìn àpò kọ̀ọ̀kan, asẹ́ gbọ́dọ̀ rì sínú omi tí wọ́n fi methylene blue sí, bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ sínú aró. Ìkarahun tó bá há sí ihò asẹ́ á di búlúù, tó bá wá jáde nínú àpò tó kàn, ẹ ó mọ̀ pé àlejò ni. Mo fo ìgbésẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kan torí iná fẹ́ lọ. Àpò òkúta ìgbà Cretaceous, ìgbà àwọn dáínósọ̀, ni mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, àpò ìgbà Miocene, tó dé pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ló tẹ̀ lé e. Mo wá fi ayọ̀ kọ *Globotruncana* sínú ìwé. Ọ̀gá mi yọ ojú kúrò nínú maikirosikópù, ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó ti kú ní mílíọ̀nù 66 ọdún, ìwọ lo lọ jí i, àbí ó wá kí wa ni?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tún àwọn àpò yẹn fọ̀.

Ṣíṣà

Ẹ da ìwọ̀n díẹ̀ sórí àwo dúdú tó ní ìlà, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí èérún má gorí ara wọn. Búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù lẹ nílò. Èyí tí wọ́n ń tà fún ayàwòrán dára, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì tíróò tí wọ́n ń tà ní Balógun ti bá mi ṣe iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ẹ fi omi kan ẹnu rẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án kó ṣe ṣóńṣó, ẹ fi kan ìkarahun, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e lọ sórí síláìdì tó ní ojú ilé 60 tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ pa lára. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa la ń ṣe é. Ẹ má ṣe é.

Iná ẹ̀gbẹ́ ló dára ju iná òkè tààrà lọ, torí òjìji ló ń fi ìrísí yàrá inú ìkarahun hàn. Tí NEPA bá mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó. Ẹ ṣà tó nǹkan bí 300, ẹ má sì yan èyí tó rẹwà nìkan. Tí ìkarahun bá pọ̀ jù, ẹ pín èérún náà sí méjì, ẹ tún pín ìdajì sí méjì, ẹ ṣa ìdá kan láìṣẹ́ ẹyọ kan kù, ẹ sì kọ ìdá tí ẹ ṣà sílẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ra fún ohun tí kì í ṣe ti àpáta rárá. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga máa ń da èèpo ẹ̀pà òyìnbó tí wọ́n lọ̀ àti máíkà, èérún òkúta tó ń dán, sínú ihò láti dí ibi tó ń jò. Èérún irin láti ara páìpù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mágínẹ́ẹ̀tì lẹ ó fi mú ìyẹn.

Ti nánófọ́sìlì yára ju èyí lọ. Ẹ há ìwọ̀nba ṣéèlì tó tó orí igi ìṣáná, ẹ fi omi dísítílì kán an, ẹ fi igi ìtayín nà án lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ gbẹ ẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó mọ́ bò ó. Omi kànga tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú lè jẹ ìpẹ́ ẹfun náà, ẹ má lò ó. Inú maikirosikópù tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 1,000 lẹ ó ti wò ó, pẹ̀lú iná tó ń gba inú gíláàsì méjì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ kọjá. Púpọ̀ nínú wọn á tàn bí ìràwọ̀ nínú òkùnkùn. *Discoaster* tó jọ ìràwọ̀ jù lọ ni kì í tàn níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yọ gíláàsì kan kúrò kí ẹ tó rí i dáadáa. Ọmọ IT tí kò mọ èyí á kọ sínú ìwé pé kò sí, nígbà tó kún ibẹ̀.

Ti lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ásíìdì tó ń jẹ òkúta àti gíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń wọ ara dé egungun. Tí kò bá sí yàrá tó ń fa èéfín jáde àti ẹni tó ti kọ́ ọ, ẹ gbé àpò yín lọ síbi tó wà.

Láti òkè wá sílẹ̀

Ẹ ti mọ orúkọ wọn, ẹ ti kà wọ́n. Ẹ to jíjìn sí apá òsì ìwé, irú kọ̀ọ̀kan sí òkè, ẹ kọ iye rẹ̀ sí ojú ilé tó yẹ. Òkè wá sílẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà á.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kànga, ọdún ń padà sẹ́yìn. Fún ìdí èyí, ọjọ́ ikú irú kan la máa ń pàdé kó tó kan ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tó ti yọjú láti òkè ni ìgbà tó kẹ́yìn láyé. Òun la gbẹ́kẹ̀ lé. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, tó wà nísàlẹ̀, ni ìwó máa ń bà jẹ́: *Orbulina* ń wó láti ògiri òkè, ó ń bá èérún ìsàlẹ̀ gòkè wá, ẹ ó sì máa rí i nínú àpáta tó ti wà kí *Orbulina* tó dáyé. Nínú èérún, àìsí *Orbulina* sọ nǹkan díẹ̀, wíwà rẹ̀ nísàlẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Nínú òkúta ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ lè gba ọjọ́ ìbí náà gbọ́.

Ọjọ́ ikú náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àtúnkó lè gbé òkú àtijọ́ gòkè ju ibi tó yẹ lọ. Ẹ wo ara rẹ̀: ṣé ó ti họ, ṣé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé ohun tó kún inú rẹ̀ ò bá amọ̀ àyíká mu? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tó bá a rìn. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Tí ẹyọ *Sphenolithus heteromorphus* kan bá yọjú ní 7,100 ẹsẹ̀, tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá tẹ̀ lé e ní 7,300, tí àwọn ojúgbà rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, 7,300 ni mo máa fọwọ́ sí, màá sì fi àmì ìbéèrè síwájú ẹyọ kan yẹn.

Àìsí ẹni nílé kọ́ ni ikú ẹni. Èyí ló máa ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ IT. Irú kan lè lọ torí pé omi ibẹ̀ kò jìn mọ́, tàbí torí pé odò da omi tí kò níyọ̀ sí i, kó sì ṣì máa gbádùn ara rẹ̀ ní ogún máìlì sí ibẹ̀. Ní Naija Delta, níbi tí odò ńlá ti ń da omi àti ẹrẹ̀ sínú òkun, àwọn tó ń léfòó máa ń ṣọ̀wọ́n nítòsí èbúté, tí a ó fi gbára lé àwọn ará ìsàlẹ̀ àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Kí ẹ tó kọ pé irú kan kú, ẹ wo àwọn ará ìsàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá omi ló yí padà. Tí gbogbo àwọn tó ń léfòó bá jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí *Ammonia* sì gba ilé, etíkun ló sún mọ́ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó kú.

Láti ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ń jáde. Ní 1969, W. H. Blow pín àkókò àwọn fọ́rámù tó ń léfòó sí sọ́ọ̀nù tó fi P àti N sàmì sí. Ní 1971, Erlend Martini ṣe irú rẹ̀ fún nánófọ́sìlì, NP1 dé NP25, NN1 dé NN21. Àwọn sọ́ọ̀nù yìí la ń kọ sínú ìròyìn, tí a wá ń fi ọdún tí ayé ti fẹnu kò lé lórí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkarahun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọdún; àwọn mìíràn ló fi eérú òkè oníná àti àmì òòfà ilẹ̀ wọn ọdún náà, àwa kàn ń yá a lò ni.

Síso kànga mọ́ kànga

Ìdí tí wọ́n fi ń sanwó fún wa nìyí. Wọ́n gbẹ́ kànga kan, wọ́n bá epo. Wọ́n gbẹ́ èkejì, yanrìn ibẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yanrìn kan náà ni. Ẹni tó bá fi ìrísí òkúta dáhùn á tètè jìn sí kòtò. Ẹ wo Èkó lónìí yìí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo: yanrìn ló wà ní Ẹlẹ́gùshì, ẹrẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀ ọ̀sà lábẹ́ Third Mainland Bridge, amọ̀ kíkúnná ló ń rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn lójú òkun. Ohun mẹ́ta, ọjọ́ orí kan. Tí òkun bá sì ń wọlé sí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yanrìn etíkun á máa bá a sún, tó fi jẹ́ pé yanrìn kan tó dà bí aṣọ gígùn kan lè dàgbà níhìn-ín ju bó ṣe dàgbà lọ́hùn-ún lọ.

Ká mú àpẹẹrẹ kan tí mo kàn fi ọkàn ara mi rò. Ní kànga A, *Discoaster quinqueramus* kọ́kọ́ yọjú ní 4,200 ẹsẹ̀, *Sphenolithus heteromorphus* ní 7,900. Ní kànga B, 5,100 àti 7,300. Ẹ fa okùn láti 4,200 sí 5,100, ẹ tún fa òmíràn láti 7,900 sí 7,300. Láàárín okùn méjèèjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.9 ọdún ló wà. Ní A, ẹrẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín ìgbà náà nípọn tó 3,700 ẹsẹ̀, ìyẹn bí 470 ẹsẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún kan. Ní B, 2,200 péré, bí 280. Ṣé ẹrẹ̀ ò tètè dé B ni, àbí apá kan ti sọnù níbẹ̀?

*Discoaster hamatus* ló máa dáhùn. Ká ní ó yọjú ní 5,160 ní kànga B, 60 ẹsẹ̀ péré lábẹ́ *quinqueramus*. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ọdún wá di 60 ẹsẹ̀. Ìyẹn ò bá ìwọ̀n B mu. Nǹkan ti lọ níbẹ̀: bóyá òkun tàbí odò ha á kúrò, bóyá ilẹ̀ ya, tí ẹ̀gbẹ́ kan sì rì. Ẹ wo ìwé tí ẹ̀rọ orí wàyà kọ nínú kànga àti àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìró yà kí ẹ tó yan ọ̀kan. Tí ó bá jẹ́ ní 6,200 ni *hamatus* ti yọjú, a jẹ́ pé ẹrẹ̀ kàn lọ́ra láti dé ni. Máa béèrè *hamatus* nígbà gbogbo. Okùn méjì ò tó.

Okùn mìíràn wà tí kì í ṣe ikú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òkun bá gùn sórí ilẹ̀ jù lọ, yanrìn odò kì í lè dé ọ̀nà jíjìn mọ́, ìkarahun àti amọ̀ díẹ̀ nìkan ló ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìwé yín, ẹ ó rí i pé iye wọn àti oríṣi wọn jọ ga sókè lójijì nínú ṣéèlì kan. Ṣéèlì bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ́ lọ jìnnà, ó sì dára fún síso kànga pọ̀. Àwọn elépo ní Naija Delta ní orúkọ fún wọn, bíi Uvigerina-8 àti Bolivina-25, torí nọ́mbà ni wọ́n fi ń pe irú fọ́rámù kan dípò orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹ má fa okùn yìí lórí iye nìkan. Ó kéré tán, ọjọ́ ikú kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti so ṣéèlì kan mọ́ àbúrò rẹ̀.

Nínú ìròyìn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò. Ẹ fi àmì sí ọjọ́ ikú tó dúró lórí ẹyọ kan, sí àpò tí ìwó ti pọ̀, sí ibi tí wọn ò kó èérún rárá. Oníbàárà kan ní Island ti bi mí rí pé kí ló dé tí àmì ìbéèrè fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí òun sanwó fún. Mo ní nínú àwọn àmì yẹn lowó rẹ̀ wà jù.

Ẹ kó síláìdì sínú àpótí tó gbẹ, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ kànga àti jíjìn sí i lára. Íǹkì ti àkókò tí mo bẹ̀rẹ̀ ti ṣá tán báyìí, mo sì ní síláìdì mẹ́tàdínlógún nílé tí mi ò mọ kànga tí wọ́n ti wá mọ́.